Fèrèsé Tí Slavko Lu sí Òrùlé Òkúta

Kí ẹ tó fi Slavko ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn dáadáa ni. Aládùúgbò mi ni. Inú òkè kan náà la gbẹ́ ilé wa sí, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tí à ń wa opal, òkúta olówó iyebíye, ń gbé. Lókè, oòrùn Ọsirélíà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Nísàlẹ̀, ara ń tu ènìyàn tọ̀sán tòru.

Slavko fẹ́ràn ìtura yìí débi tó sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Bí àlejò bá wọlé, kó tó bu kọfí fún un, yóò ti fọwọ́ gbá ògiri.

"Òkúta yìí kì í bá ìwàǹwára ọjọ́ kan lọ," ni yóò wí. "Ó gba ooru Kérésìmesì, ó gba òtútù Oṣù Keje, ó wá pò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń bu omi tútù lu omi gbígbóná fún ìwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ yìí ṣe rí láti ọdún dé ọdún, kó gbọ́wọ́ lé ògiri mi. Tìta yẹn, ojú ọjọ́ lásán ni."

Òótọ́ ni o. Ṣùgbọ́n inú ojú ọjọ́ lásán yẹn náà ni ènìyàn ń jáde sí. Bí ara Slavko bá ṣe rí nísàlẹ̀ ló ń múra gòkè. Ó wọ ṣòkòtò penpe lọ síbi ìsìnkú kan ní àárọ̀ Oṣù Keje tí omi dì nínú garawa. Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n, àlùfáà rò pé ẹkún ló ń sun, ó sì dì mọ́ ọn títí wọ́n fi bo sàréè.

Despina, opó Gíríìkì tó ń ṣe búrẹ́dì fún wa, ló kó Slavko sí wàhálà. Ilé páànù ni obìnrin náà ń gbé lókè, pẹ̀lú fèrèsé ńlá kan. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ Slavko lára. Ojú mi ló ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun.

"Wá bá mi gbé nísàlẹ̀, Despina. O ò ní làágùn mọ́ láyé ẹ."

"Ọkọ mi àkọ́kọ́ ti wà nísàlẹ̀. Ẹyọ kan tó mi."

"Ilé tèmi níná, ó ní kọfí."

"Ṣé ó ní fèrèsé?"

Slavko wò mí, bíi pé mo ní ọ̀kan nínú àpò.

"Tójò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?" ni Despina wí.

"Òjò mélòó ló ń rọ̀ níbí?"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó rọ̀ lẹ́yìn mi. Ilé tí ò bá ní fèrèsé, mi ò ní gbé ibẹ̀."

Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, ooru dé, ooru tí ń lé ajá sábẹ́ ọkọ̀. Inú Slavko dùn. "Alárinà mi ló dé yìí," ló wí, ó sì gbá ilé mọ́, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Gbogbo onílé páànù sá wọlé tọ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Despina nìkan ni ò wá. Mo gòkè lọ wò ó, mo bá a nínú ọpọ́n ìwẹ̀ tòun taṣọ, ó dé fìlà, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Ṣé ẹ ò ní kú báyìí?" ni mo wí.

"Ẹ bá mi sọ fún Slavko pé ojú ọjọ́ lásán ni."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Slavko gbé ẹ̀rọ ìlu-òkúta, ó kọjú rẹ̀ sí òrùlé.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ooru á wọlé o," ni mo kígbe.

"Mo mọ̀."

Inú bí mi gan-an, nítorí ilé tó tutù jù lọ nínú òkè wa ló ń bàjẹ́ lójú mi. Eruku ń já lé wa lórí, àwọn àlejò sì ń ṣépè. Kò dúró àfìgbà tí ọ̀run yọ, ihò tó tó tábìlì, ooru sì tibẹ̀ dà sórí gbogbo wa.

Ìròyìn ló gbé Despina sọ̀kalẹ̀. Ó dúró sábẹ́ ihò náà, ó gbójú sókè, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ilé ẹ gbóná o," ló wí.

"Ó gbóná," ni Slavko dáhùn, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

Despina bọ́ bàtà. Ó ní kí Slavko lọ bá òun gbé béèdì òun wá.