Omi Ìyàsímímọ́ Lórí Ìwé Orin Màmá Òyìnbó

Kékeré ni mo ṣì wà, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ìyá mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní River Road nílùú òyìnbó, tí màmá òyìnbó kan ní àdúgbò Goresbrook sì ń bá a tọ́jú mi bí mo bá ti ti ilé ìwé dé. Ọmọ ìjọ Moravian, ìjọ Kristẹni àtijọ́ kan, ni màmá yìí. Ó ní gìtá àtijọ́ kan, ikùn rẹ̀ rí róbótó, okùn rẹ̀ jẹ́ wáyà. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, pẹ̀lú àwọn orin tí ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé kan. Kò sí ẹlòmíràn tó ní wọn. Màmá ló máa ń ta gìtá náà fún ìjọ wọn níbi àsè ìfẹ́, tí gbogbo wọn á jókòó jẹ búrẹ́dì, tí wọ́n á mu tíì pọ̀.

Nígbà tó yá, oríkèé ìka màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò lè ta gìtá mọ́. Ìyá mi, ọmọ Aládùúrà pọ́ńbélé, kò lè wò ó níran. Ó gbé omi ìyàsímímọ́ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó gbàdúrà, ó wọ́n ọn sí ọwọ́ màmá, ó wọ́n ọn sí gìtá. Ìtara wá gbé e, ó da ìyókù sórí ìwé orin kí ìbùkún lè kárí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Tàdáwà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ṣàn pọ̀.

“Má dààmú, ire lo ní lọ́kàn,” ni màmá wí, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń sọ pé, “Sorry mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ̀.”

Ẹ̀bi yẹn kò kúrò lọ́kàn ìyá mi títí ó fi kú. Ó bẹ màmá kó fi ẹnu kọ́ mi ní èyí tó bá ṣì rántí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni màmá mọ̀ délẹ̀. Lẹ́yìn tí màmá kú, ìyá mi a máa sọ fún mi pé, “Má gbàgbé ẹ̀ o, ìwọ nìkan ló kù.”

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń gba orin sínú fóònù, bí ọ̀kan bá nù, mẹ́wàá wà. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù sí mi lẹ́nu láti gba orin náà sílẹ̀: “Grandma, ẹ kọ ọ́ now.” Mo bẹ̀rẹ̀. Mo dé àárín, mo rí i pé mo ti ń pàtẹ́wọ́. Orin Aládùúrà wa ti wọ inú rẹ̀, n kò mọ ibi tí ti màmá parí sí mọ́, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, pé orin màmá òyìnbó nìyí.