Ohun Tó Wà Nídìí Inú Rírun Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí láràárọ̀. Èmi àti màmá mi nìkan la jọ ń gbé ní Agbowó, torí Kàdúná ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù tán báyìí, inú á lọ́ mi, màá ká kò sórí ibùsùn. Màmá mi fún mi lóògùn aràn, wọ́n fún mi ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kan ata mọ́. Inú rírun náà ò gbóògùn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, wọ́n mú mi lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí a lọ gba èsì, dókítà obìnrin kan ní kí màmá mi lọ jókòó dè mí níta. Ó fa ìwé kan yọ, ó ń ka ìbéèrè inú rẹ̀ sí mi létí.

“Ṣé o máa ń sùn dáadáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Irọ́ ni mo pa.

“Ṣé ó ti ṣe ẹ́ rí bíi pé kó o má wà láyé mọ́?”

Wọ́n ti gbé obìnrin kan lọ sí ilé wèrè rí ládùúgbò wa, látìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó ń jẹ́ kọ́mọ òun bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré. Mo rò pé bí mo bá ṣi ẹnu sọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé èmi náà lọ.

“Ṣé wèrè ló ń ṣe mí ni, mà?”

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Rárá. Òótọ́ ni pé inú ń run ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà máa ń mú kí inú run èèyàn. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù láàárọ̀?”

Mo wá sọ ohun tí n kò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni: kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, màmá mi ṣubú lulẹ̀ níṣojú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Omi ni mo dà sí wọn lórí tí wọ́n fi lajú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí n má sọ fún bàbá mi. Látìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ jáde nílé, ó máa ń ṣe mí bíi pé òkú wọn ni màá padà wá bá.

“Ṣé kí n pè wọ́n wọlé, ká jọ sọ ọ́?”

Mo mi orí pé rárá. Kò fi ipá mú mi. Ó jókòó, ó ń wò mí títí mo fi ní kó pè wọ́n.

Màmá mi gbọ́, wọn ò bínú. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn wò lójú mi. Ó ga gan-an. Ìyẹn tún wá dá kún ẹ̀rù mi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, níṣojú mi ni wọ́n sì ti ń gbé e mì kí n tó lọ sílé ìwé. Inú rírun náà ò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí n tó lè wọ ọkọ̀ dé ilé ìwé mi ní Bódìjà láìbojú wẹ̀yìn.