Ọdún Kan Tí Bàbá Dín-in-kù Fi Ní Mọ́tò Asáré

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, Bàbá Dín-in-kù san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lórí mọ́tò asáré kan, àlòkù, tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún láyé. Pupa ni. Èèyàn méjì péré ló lè jókòó sínú rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n nílé.

Mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ni ẹni tó ni ín kọ́kọ́ pè é. Káfíńtà ni Bàbá Dín-in-kù, kì í sì í ṣe òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, àwọn ọlọ́jà ni. Kò sí iye tí ẹnikẹ́ni lè pè tí kò ní sọ pé kí wọ́n dín in kù. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ló gbé àpótí sílẹ̀ níwájú mọ́tò náà, ó jókòó lé e.

"Ìdajì," ló ń wí.

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń dán ni?"

"Mo rí i. Dídán kọ́ ni ẹ́ńjìnnì. Ìdajì."

Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, ẹni tó ni mọ́tò fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ní, "Ẹ mú un, Bàbá. Ẹ sáà máa lọ." Bàbá Dín-in-kù wọlé, ó ṣáná sí i, ó juwọ́ sí gbogbo àdúgbò, ó wà á dé nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀, mọ́tò sì kú. Èèyàn mẹ́fà ló tì í délé. Òun jókòó sídìí sítíárín, ó ń juwọ́ lọ.

Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn, tí wọ́n ń fi ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ibi tí owó náà ti wá. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìṣirò owó, yunifásítì sì ti kọ̀wé sí i pé kó wá fún oyè kejì. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni wọ́n ní kó mú wá. Ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ fi tu ú jọ.

"Ìyá mi, fọkàn balẹ̀," ló wí fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ìdajì ni mo rà á. Màá tún díẹ̀díẹ̀ ṣe lára ẹ̀, màá tà á níye tó tọ́ sí i. Wàá lọ sílé ìwé, owó á tún ṣẹ́ kù."

"Dádì, èló ni díẹ̀díẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ náà! Bí èèyàn bá mọ iye ẹ̀, ṣé ó tún jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni?"

Ọmọ mú ìwé àjákọ tuntun kan, ó fa ìlà sí i, ó sì kọ "Díẹ̀díẹ̀" sókè ojú ewé àkọ́kọ́.

Owó adójútòfò mọ́tò ló kọ́kọ́ wọ inú ìwé náà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án ni akọ̀wé obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì pè é, ó ní torí pé mọ́tò asáré ni.

"Ọmọ mi, kò sáré o. Kò tíì rìn pàápàá. Ẹ gba ti ohun tó dúró sójú kan lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, a ò ní ti mọ́tò tó dúró sójú kan."

"Ti ilé ńkọ́? Ṣé ilé ń rìn ni?"

Akọ̀wé lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá lọ pe ọ̀gá tirẹ̀. Bàbá san gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó gba kàlẹ́ńdà méjì jáde níbẹ̀, ó sì sọ nílé pé òun ló borí.

Táyà mẹ́rin tẹ̀ lé e, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rùn-ún ní ẹyọ kan. Bíréèkì tẹ̀ lé táyà. Nígbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn kán, wọ́n pe tuntun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Bàbá yí padà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbẹ́ òmíràn láti ara igi líle, ó ha á títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Ọmọ rẹ̀ kọ òdo síwájú rẹ̀. Òdo kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé náà nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ kò wọ mọ́tò náà rí. "Mọ́tò téèyàn máa dùbúlẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́," ló wí, "ṣé ọsibítù lẹ ń gbé mi lọ ni?"

Nínú oṣù Kẹrin, mẹkáníìkì gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wá, ó ki wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. "Bàbá, òun ló ń sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Ó ní àìsàn márùn-ún ló wà lára ẹ̀."

Bàbá Dín-in-kù wo ojú ẹ̀rọ náà. "Bá mi sọ fún un kó ṣe é ní mẹ́ta."

"Bàbá, ẹ̀rọ ni o. Wọn kì í ná ẹ̀rọ."

"Ohunkóhun tó bá ti lẹ́nu láti pe iye, ó létí láti gbọ́ ìnájà."

Mẹkáníìkì pa á, ó tún un tàn. Mẹ́rin ló pè lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá bàbá náà sọ̀rọ̀ mọ́.

Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà òun náà ní ọsibítù. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, yí ojú ẹ̀rọ sí òun àti ọmọ rẹ̀. Ó ní ọkàn Bàbá ti wú, agbára rẹ̀ sì ti ń tán.

"Èló ló kù?"

Dókítà wo ojú ọmọ. "Irú èyí, Bàbá... bí oṣù mẹ́fà."

"Ẹ ṣe é ní méjìlá."

"Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo—"

"Dókítà, mi ò ní kẹ́ ẹ fi ta mí lọ́rẹ. Mo ní kẹ́ ẹ ṣe é ní méjìlá."

Ọmọ dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ ògiri, ó ka táìlì ara rẹ̀. Méjìlélógójì ni.

Nínú oṣù Kẹjọ, gíábọ́ọ̀sì bàjẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá.

"Dádì, ẹ tà á bẹ́ẹ̀. Owó oògùn yín ńkọ́?"

"Bí mo bá tà á bẹ́ẹ̀, ìdajì ni wọ́n máa san. Èmi ni mo máa ń san ìdajì fún èèyàn. Wọn kì í san án fún mi. Ilé ìwé ẹ ni mò ń wò."

Ó ra gíábọ́ọ̀sì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ ń wá abẹ́rẹ́ nínú dúrọ́ọ̀, ó rí oògùn bàbá rẹ̀. Bàbá ti fi ọ̀bẹ gé gbogbo rẹ̀ sí méjì-méjì. Ìdajì ló ń lò. Ọmọ kò tíì dárí èyí jì í, kò sì sọ pé òun máa dárí rẹ̀ jì í.

Bàbá Dín-in-kù kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì. Ó lo oṣù mẹ́sàn-án géérégé. Dókítà pe mẹ́fà, òun pe méjìlá, wọ́n pàdé láàárín.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí mọ́tò pé ọdún kan nílé. Ọmọ ṣírò ìwé náà: mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, fún ìgbà mọ́kànlélógún tí mọ́tò jáde. Gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi ìnájà jèrè ti wọ inú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó sì tún lé e. Ó tún un rò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dín.

Ó pe mọ́tò ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá, ó ka gbogbo owó náà pé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ò ní ná an?"

"Kí ni mo fẹ́ ná? Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ yọ. Ìyókù dàkìtàn." Ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló gbẹ́gi sára mọ́tò?"

Ọmọ kó owó náà jọ, ó tò ó gún, ó sì dá a padà fún un.

Ìyá rẹ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Yéè! Owó ilé ìwé ẹ ló ń lọ yẹn!"

"Kò ná an, Mọ́mì. Kò tiẹ̀ ní kí n dín kọ́bọ̀."

Ìyá wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí aṣọ nu ojú. "Bàbá ẹ ò tíì kú," ló wí. "Ó kàn pa ara dà ni."

Mọ́tò náà ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ máa ti ìwé orúkọ, kò sì sí owó nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wá kí ọjọ́ náà tó pé. Àpótí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ jókòó lé e ní agogo mẹ́wàá, kí ẹ má dìde títí di mẹ́rin. Ẹ fọwọ́ kan igi ara ilẹ̀kùn náà, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Ẹ má san iye tí wọ́n bá pè fún yín. Ẹ ná an.