Ìwé Ìṣírí Tí Wọn Kò Fi Àmì Sí

Láti ọjọ́ tí ilé tí à ń kọ́ lọ́nà Ajah ti wó, tí wọ́n sì fà mí yọ lábẹ́ rẹ̀ láàyè, ìwé ìṣírí ni gbogbo ènìyàn fi ń ta mí lọ́rẹ. Ẹni tó bá wá kí mi kì í mú ọsàn wá mọ́, ìwé ni. Mo sì kà wọ́n, torí pé iṣẹ́ táìlì lílẹ̀ ni mo ń ṣe, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò sì lè lẹ táìlì.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé òkè ni gbogbo ìwé náà ń rán mi lọ. Ọ̀kan ní kí n fò bí ẹyẹ idì. Òmíràn ní kí n gun òkè ìṣòro mi títí dé téńté. Èyí tí pásítọ̀ wa fún mi, àwòrán àkàbà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan dúró sórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò di nǹkan kan mú. Èmi tí n kò lè jẹun nínú yàrá láì máa wo òrùlé! N kò rí ìwé kankan tó sọ pé ènìyàn lè là ní ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ara mi yá, iṣẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìkan ni mò ń gbà. Ọ̀gá tó ń fún mi níṣẹ́ sọ mí ní Olóyè Ìsàlẹ̀. N kò bínú. Olóyè tó wà láàyè ni.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi ra ìwé pẹlẹbẹ kan fún mi lábẹ́ afárá Ajah. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ohùn kankan sí i, bóyá ó fẹ́ ṣọ́ yíǹkì lò, ó sì kọ “má” àti “máa” bákan náà, bí àwọn ìwé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Lójú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara: Ma beru, ma lo.

Mo kà á: Máa bẹ̀rù, má lọ.

Omi bọ́ lójú mi. Ènìyàn Ọlọ́run kan wà láyé tó mọ ohun tí ojú mi rí! Láràárọ̀ ni mo ń ka ìwé náà sínú kí n tó po sìmẹ́ǹtì, ọkàn mi á sì balẹ̀. Àwọn tó kù ń bá mi wí. Èyí ń gbè mí lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin wa bímọ ní Jakande, Ilasan. Òkè pátápátá ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹ àtẹ̀gùn. Bí n kò bá gòkè, n kò ní fojú kan ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́, wọn á sì sọ ọ́ lórúkọ láìsí mi níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi pè mí lórí fóònù.

“Dádì, ẹ ń bọ̀ o.”

“Mò ń bọ̀. Ìsàlẹ̀ ni màá dúró sí. Tó bá kàn mí, màá pariwo orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ sókè.”

“Ẹ ó pariwo orúkọ ọmọ bí ẹni tó ń kiri èlùbọ́? Dádì, àwọn àna yín á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ yìí á fi lọ́kọ!”

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi àti ìyàwó mi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo fi ìka kan ògiri, bí a ṣe ń kan táìlì ká lè mọ̀ bóyá ó ṣófo lábẹ́. Màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

“Ta ló ń kànlẹ̀kùn?”

“Ẹ má bínú mà, ògiri ni mò ń kàn.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ láti wòran.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ gbéra,” ni ìyàwó mi wí.

Mo fa ìwé yọ. “Ìwé tí o rà fún mi ni mò ń tẹ̀ lé.”

“Kí ló wí?”

“Máa bẹ̀rù, má lọ.”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. “Mo gbé! Má bẹ̀rù, máa lọ ni!”

“Àmì dà níbẹ̀?”

“Ta ló máa fowó tẹ ìwé pé kéèyàn máa bẹ̀rù?”

“Ẹni tí ilé ti wó lù.”

Màmá náà ní kí a mú un wá. Ó wọ awò, ó wò ó pẹ́. “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kà á dáadáa,” ló wí, ó sì dá a padà. Ìdájọ́ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́!

Ohùn àna mi sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè: “Ẹ̀yin àna wa, ẹ̀yin là ń retí o!” Lẹ́yìn ohùn yẹn ni mo gbọ́ igbe ìkókó, tínrín.

Ó sú ìyàwó mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn. “Ó dáa, ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ ṣáà máa lọ.”

Mo dúró. N kò kà á báyẹn rí, ó sì bá ohun tí wọ́n kọ mu. Gbogbo ìwé tí wọ́n fún mi ló ní kí n kọ́kọ́ lé ẹ̀rù lọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ń gba ẹ̀rù láàyè lórí àtẹ̀gùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gòkè, èmi àti ẹ̀rù mi. Ọwọ́ kan wà lára ògiri, èkejì di ìró ìyàwó mi mú, tó ń pariwo pé kí n má tú òun síhòòhò níwájú àna. Àdúrà tí mo gbà kò lórí, kò nídìí.

Lókè, wọ́n fún mi ní àga àárín. Mo yan ti ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin mi gbé ìkókó lé mi lọ́wọ́.

“Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Dádì.”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Ẹ jókòó dáadáa nígbà náà.”

Mo sọ orúkọ tí mo fún un jẹ́ẹ́jẹ́. Àlejò tú ká, ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀, ó sì pè mí láti ìsàlẹ̀.

“Ṣé ẹ ò ní máa bọ̀ ni?”

“Ó ń sùn lọ́wọ́ mi,” ni mo dáhùn. “Jẹ́ kó jí ná.”