Pátákó Ìrántí Ìyá Wàsíù

Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ààwẹ̀ wọlé, lọ́dún kejì tí àrùn kòró ti rọlẹ̀, ni a jà fún pátákó ìrántí Ìyá Wàsíù ní Peckham, nílùú London níbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí bí wọ́n ṣe jí ìbò wa, ẹ fara balẹ̀. Èmi ni mo ṣáájú ìjà náà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ.

Ẹ mọ àwọn pátákó róbótó aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kàn mọ́ ara ilé, kí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè mọ ẹni ńlá tó gbé ibẹ̀ rí. Lọ́dún yẹn, kánsù ní kí ará àdúgbò dìbò yan ẹnì kan. Àwa àgbà mọ́ṣáláṣí fa Ìyá Wàsíù kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú. Nígbà tí àwọn onílé ń kọ ọ́ sójú fèrèsé pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú, ilé rẹ̀ lẹ́bàá Peckham Rye ni gbogbo wa kọ́kọ́ sọ ẹrù sí. Yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ la ti ń kírun Jímọ̀ kí a tó ní mọ́ṣáláṣí.

Òótọ́ ni, obìnrin náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé òun nìkan ni? Ta ló ń dúró nínú yìnyín lẹ́nu ọ̀nà àwọn onílé yẹn, tó gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn lọ́wọ́, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé? Èmi ni. Ta ló ń kọ lẹ́tà sí kánsù? Èmi ni. Ìyá Wàsíù ò mọ̀wé. Lẹ́tà tirẹ̀ pàápàá, èmi ni mò ń kà á fún un. Ògì gbígbóná ló máa ń gbé wá fún wa nínú òtútù. Ògì yẹn sì ni gbogbo ayé ń rántí! Nígbà tí wọ́n ní kí ọmọ tí mo fi inú mi bí kọ̀wé níléèwé nípa akíkanjú àdúgbò, nípa Ìyá Wàsíù ló kọ ọ́. Mo jowú rẹ̀ láàyè, mo sì tún jowú rẹ̀ lókùú.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀: Múínátù Àdùkẹ́ Bákàrè. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ fún orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá, ta ní í pe ìyá ọlọ́mọ lórúkọ? Láti ọjọ́ tó ti bí Wàsíù ni kò ti sẹ́ni tó pè é ní Múínátù mọ́. Wàsíù ì bá dá orúkọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n Kánádà ló ń gbé. Mo gbé bírò lé ìlà náà, mo sì tún gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ tí ìbò máa parí, àwọn àgbà tú yááyá dé láíbìrì tí wọ́n ti ń dìbò. Wọ́n gba pépà ìdìbò, wọ́n wá Ìyá Wàsíù tì.

"Ta wá ni Múínátù?" Bàbá Ràmóní tó ń ta aṣọ ní Rye Lane ju pépà sílẹ̀. "Wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀! Wọ́n ti rig ìbò yìí! Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa sọ̀rọ̀!"

Wọ́n gbé ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù lé mi lọ́wọ́. Mo pariwo olè ju gbogbo wọn lọ.

Nàfísà, ọmọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fà mí wọ ọ́fíìsì. Fọ́ọ̀mù mi wà lórí tábìlì.

"Aunty, handwriting yín nìyí, innit? Address Ìyá Wàsíù ló wà ńbí. Kí ló dé tí ẹ ò fill line yìí?"

"Mo gbàgbé ni."

"It's fine. Six o'clock la máa close, gbogbo wọn ṣì wà níta. Ẹ kàn sọ fún wọn pé Ìyá Wàsíù ni number three lórí pépà, wọ́n á vote báyìí. Èmi ò lè sọ ọ́, staff ni mí."

Mo jáde. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló kù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kúrò. Orúkọ Ìyá Wàsíù ni wọ́n fi ń kọrin. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń jà nílùú yìí, n ò gbọ́ kí wọ́n fi orúkọ tèmi kọrin rí. Mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìbò! Tí a bá dìbò, a ti fọwọ́ sí ìrẹ́jẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé!"

Wọ́n hó yèè, wọ́n ya pépà wọn. Nàfísà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé kì í pe àgbà ní òpùrọ́ láàárín èrò.

Dókítà òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ló wọlé. Pátákó tirẹ̀ wà lápá East Dulwich, ẹ lè lọ wò ó.

Kí la rí nínú ìjà náà? Láti ìgbà yẹn, kánsù kì í ṣe nǹkan ládùúgbò wa kí wọ́n má pè wá sí ìpàdé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ògiri ilé Ìyá Wàsíù ṣófo, àwọn tó ra ilé náà ò sì mọ ẹni tó gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Èmi ò ní ogún ọdún nílẹ̀ mọ́. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn, kí ẹ kọ Ìyá Wàsíù sí i gàdàgbà, kí ẹ má sì gbé e fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìbò náà, Wàsíù pè mí láti Kánádà. Ẹkún ló ń sun.

"Mummy, ẹ ṣeun tí ẹ jà fún ìyá mi. Ẹni tó jí ìbò yẹn, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

Mo ní, "Àmín, ọmọ mi."