Ìlara, Kàrátè àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Sẹ́sẹ̀ Mi

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí a ti máa ń ṣe kàrátè ní Ìkòtún. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún láti tàpá, mo sì rí i pé ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ti le, ó ń gbóná, bí ẹni pé wọ́n di nǹkan sínú rẹ̀. Kò dùn mí débi tí mo fi lè pariwo. Mo ń bá a lọ, nítorí pé Rónkẹ́ ń wò mí.

Èmi àti Rónkẹ́ la jọ bẹ̀rẹ̀ kàrátè nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Èkìtì. Nígbà náà, èmi ni mo máa ń borí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi Ṣadé, mo fi kàrátè sílẹ̀. Òun kò fi í sílẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí n tó padà, bẹ́líìtì dúdú sì ti wà nídìí rẹ̀. Mo máa ń jowú tí mo bá rí bẹ́líìtì yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdíje àwọn àgbà obìnrin ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwa méjì péré la sì forúkọ sílẹ̀. Mo fẹ́ nà án lójú gbogbo èèyàn.

Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n ṣe ta mí nípàá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ló fà á. Nílé, ọkọ mi gbé omi gbígbóná ó sì fi òrí ra ẹsẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún wa láti kékeré.

“Ìyá Ṣadé, ṣe sùúrù, ó ti ń rọ̀.”

Kò rọ̀. Àràárọ̀ ló ń ra á.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ní gbọ̀ngàn kàrátè, Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi. “Ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí tóbi ju tòsì lọ o.”

“Ìwọ gan-an lo tóbi.”

“Mi ò ṣeré jàre. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àǹtí mi nìyí. Lọ sí ọsibítù lónìí.”

“Kí n lè jókòó sílé, kí o gba ipò kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, àbí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tó o bá kú, ta ni màá wá nà?”

Mi ò lọ. Mo gbà pé ọgbọ́n ló ń dá láti mú mi kúrò nínú ìdíje.

Ní Fúráìdeè, mò ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀gbẹ́dá, èémí mi kàn gé. Bí mo bá fẹ́ mí sínú, nǹkan a gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà bí abẹ́rẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pe ọkọ mi, ó sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wo ètè mi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó ní kí wọ́n gbé mi wọlé kíá.

Dókítà rí òrí lẹ́sẹ̀ mi, ó bi wá pé, “Ta ló ń ra ẹsẹ̀ yìí?”

“Èmi ni, dókítà,” ni ọkọ mi wí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ ra á mọ́.”

Èmi kì í ṣe dókítà. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ padà sí ọkàn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti já, ó sì ti lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Fífọwọ́ ra irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kó já. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i ni wọ́n ń gún mi ní ikùn, títí àpá dúdú fi bo ikùn mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Orí bẹ́ẹ̀dì náà ni mo wà lọ́jọ́ ìdíje. Lọ́jọ́ kejì, Rónkẹ́ wá kí mi.

“Wọ́n fún mi ní góòlù. Mi ò tilẹ̀ ja ìjà kankan.”

Mo wò ó. Ó ti gun àjà méjì dé ọ̀dọ̀ mi, kò sì mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi tí mo ti ń ṣe ìlara bẹ́líìtì, èémí rẹ̀ ni mo wá ń ṣe ìlara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sunkún. Ó rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Wọn ò gbà kí n bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí pé tí mo bá fara pa, ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dá. Ìrìn ẹsẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láti ilé wa dé kọ́nà, kí n tó lè rìn jìnnà. Títí di òní, mo máa ń fọwọ́ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì kí n tó wẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí ẹsẹ̀ yín kan bá ṣàdédé wú ju èkejì lọ, ẹ má ra á, ẹ lọ fi han dókítà. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí ẹ ń jowú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ẹ gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Dókítà ti ní mo lè padà sídìí kàrátè. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje mìíràn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ṣì fẹ́ borí Rónkẹ́. Ìyẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí òógùn ti bò mí, mo mí kanlẹ̀, kò sí ohun tó gún mi. Mo dúró síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti lọ́wọ́ ara tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlara pa.