Àmín Alàgbà Ignatius

Láti ìgbà tí Tìmílẹ́yìn ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni bàbá rẹ̀, Alàgbà Ignatius, ti ń pè é ní Dókítà. Ó sì ti kọ́ gbogbo Òmù-Àrán láti máa pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdánwò JAMB kù dẹ̀dẹ̀, ó kó gbogbo ìwé ọmọ náà lọ sórí pẹpẹ kí pásítọ̀ lè da òróró sí wọn. Ọmọ ní òun fẹ́ kàwé. Bàbá ní ìwé tó bá wà níwájú Olúwa á máa ka ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìwé náà wà títí di àárọ̀ ìdánwò. Ẹ bá mi wò ó o! Kí èsì tó jáde, ó ti ṣe ìdúpẹ́, a ti jẹ ìrẹsì.

Èsì dé: mẹ́tàdínlógóje nínú irinwó. Alàgbà ní ọwọ́ ayé ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ gbaná jẹ: “Ẹni tó dí ọmọ yìí lọ́wọ́, kí oorun dá lójú rẹ̀!”

Alàgbà ti lanu. Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí. Tìmílẹ́yìn gbá a lọ́wọ́ mú: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àmín.”